Ìrírí mi pẹ̀lú Assimp: ẹnu ọ̀nà kan ni kí mọ́délì 3D gbà wọlé

Mọ́délì 3D kan lè dé ọwọ́ rẹ ní .obj, òmíràn ní .fbx, òmíràn ní .glb, ẹlòmíì a sì fi .stl ránṣẹ́ nítorí pé ẹ̀rọ tó ń tẹ nǹkan jáde ní 3D ló wà lọ́kàn tirẹ̀. Inú wọn kò jọra rárá. Ọ̀rọ̀ lásán ni OBJ, o lè fi Notepad ṣí i kí o sì kà á láti òkè dé ilẹ̀. Ti Autodesk ni FBX, wọn ò sì tẹ ìlànà bí inú rẹ̀ ṣe rí síta fún aráyé. Àjọ Khronos ló ni glTF, òun ni .glb náà jẹ́ oríṣi rẹ̀. Apá kan rẹ̀ jẹ́ JSON tí ojú lè kà, apá kejì jẹ́ báìtì. STL ní tirẹ̀ kò mọ̀ ju onígun mẹ́ta lọ: kò ní texture (àwòrán tí a fi ń bo ojú mọ́délì), kò sì sọ bóyá mítà ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n tàbí mìlímítà.

Assimp ni mo fi ń ka gbogbo wọn. Open Asset Import Library ni orúkọ rẹ̀ ní kíkún. C++ ni wọ́n fi kọ ọ́, irú fáìlì tó lè kà lé ní ogójì, kóòdù rẹ̀ sì wà ní gbangba fún ẹnikẹ́ni lórí GitHub. Ìwé àṣẹ BSD oníkókó mẹ́ta ni wọ́n fi tú u sílẹ̀, nítorí náà o lè lò ó nínú ohun tí o fẹ́ tà láìsan kọ́bọ̀, bí o bá ti lè fi àkọsílẹ̀ ẹ̀tọ́ àwọn tó kọ ọ́ sí i.

Iṣẹ́ ńlá ni àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ ń ṣe, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Ṣùgbọ́n fáìlì ló ń kà, kò mọ ohun tí ètò rẹ fẹ́. Kò mọ̀ bóyá Y ni ìwọ ń pè ní òkè tàbí Z. Kò mọ̀ bí kóòdù rẹ ṣe ń to matrix (tábìlì nọ́ńbà tó ń sọ ipò, yíyí àti ìtóbi nǹkan). Kò mọ̀ bóyá o máa wá node kan (ẹ̀ka kan nínú igi tó so àwọn ẹ̀yà mọ́délì pọ̀) ní orúkọ lọ́la. Ibi tí mo ti rí i tí iṣẹ́ ń dojú rú jù ni ibi tí ẹni tó ń kọ kóòdù ti gbà pé láíbúrárì yóò bá òun pinnu nǹkan wọ̀nyí. Ohun tó dára ni pé kí ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo wà nínú ètò rẹ, iṣẹ́ kan (function) tó ń pe Assimp, tó ń ṣe gbogbo ìyípadà níbẹ̀, tó sì ń kó àbájáde fún ìyókù ètò ní ìrísí tí ètò fúnra rẹ̀ mọ̀. Bí `aiMesh` àti `aiNode`, ìyẹn irú dátà ti Assimp fúnra rẹ̀, bá ti fọ́n ká sí fáìlì ogún nínú iṣẹ́ rẹ, àṣìṣe kan ni wàá máa tún ṣe ní ogún ibi.

Gbígbé e wá kò nira. Lórí Ubuntu tàbí Debian, `sudo apt install libassimp-dev assimp-utils` ti tó. Lórí Windows, `vcpkg install assimp`. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ọ láti orísun, kó fi `--depth 1` sí `git clone` rẹ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ mọ́délì ìdánwò wà nínú àkójọ náà, ìtàn gbogbo àtúnṣe ọdún gbọgbọrọ sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tó ń fi owó ara rẹ̀ ra dátà yóò mọ ìyàtọ̀. Lẹ́yìn náà, pa ohun tí o kò lò:

```
cmake -S . -B build -DASSIMP_BUILD_TESTS=OFF -DASSIMP_NO_EXPORT=ON \
  -DASSIMP_BUILD_ALL_IMPORTERS_BY_DEFAULT=OFF \
  -DASSIMP_BUILD_OBJ_IMPORTER=ON -DASSIMP_BUILD_GLTF_IMPORTER=ON \
  -DASSIMP_BUILD_FBX_IMPORTER=ON
cmake --build build --config Release
```

OBJ, glTF àti FBX nìkan ni èyí yóò lè kà. Yóò tètè parí, ohun tí yóò jáde yóò fúyẹ́, kóòdù tí kò sì sí nínú ètò rẹ kò lè fa wàhálà fún ọ. Lórí Windows, má ṣe so Assimp tí a kọ́ ní Release mọ́ ètò tí a kọ́ ní Debug. Mẹ́mọ́rì tí ọ̀kan yá ni èkejì yóò fẹ́ dá padà, ètò yóò sì kú níbi tí o kò fọkàn sí.

Kí o tó kọ ìlà kóòdù kan, ṣe `assimp info okunrin.fbx` ná (inú `assimp-utils` ni àṣẹ yìí wà). Yóò sọ iye node, mesh (àkójọ ojú tó di ara nǹkan), material (bí àwọ̀ àti ojú rẹ̀ ṣe rí), vertex (igun ojú), ojú, eegun àti animation tó wà nínú fáìlì náà fún ọ. Ní ìsàlẹ̀, yóò sọ ibi tí mọ́délì ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí lórí X, Y àti Z. Ibẹ̀ ni kí o tẹjú mọ́ jù. Bó bá jẹ́ mọ́délì ènìyàn, tí Y bẹ̀rẹ̀ ní 0 tó sì dé 1.8, mítà ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Bó bá dé 180, sẹ̀ǹtímítà ni. Bó bá jẹ́ Z ló dé 1.8, tí Y kò ju 0.3 lọ, ẹni tó ṣe mọ́délì náà ń pe Z ní òkè, ènìyàn náà yóò sì dùbúlẹ̀ gbalaja nínú ètò tó ń pe Y ní òkè. Ìṣẹ́jú kan péré ni àyẹ̀wò yìí ń gbà, ó sì máa ń gba ni lọ́wọ́ ọ̀sán gbogbo tí à bá fi máa tú kóòdù tí kò ní ẹ̀bi kankan.

Kíka fáìlì fúnra rẹ̀ kò ju báyìí lọ:

```
Assimp::Importer oluka;
const aiScene* iran = oluka.ReadFile("ile.glb", ilana);
if (!iran || !iran->mRootNode)
    std::cerr << oluka.GetErrorString();
```

Ka ohun tí `GetErrorString` bá sọ dáadáa. Bó bá ní òun kò lè ṣí fáìlì, ọ̀nà fáìlì ni o ṣì kọ. Níbi tí ètò rẹ ti ń ṣiṣẹ́ ni wọ́n ti ń ka ọ̀nà náà, kì í ṣe níbi tí kóòdù rẹ wà. Bó bá ní òun kò rí ẹ̀yà tó lè ka irú fáìlì bẹ́ẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ìwọ lo pa á nígbà tí ò ń kọ́ láíbúrárì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a tún máa kọ̀ láti gba fáìlì tó bá ní àmì `AI_SCENE_FLAGS_INCOMPLETE`. Ó dára fún ilé àti àga, ṣùgbọ́n FBX tó jẹ́ animation nìkan, tí kò ní mesh kankan nínú, máa ń ní àmì yẹn láìjẹ́ pé nǹkan kan bà jẹ́. Bí ètò rẹ yóò bá gba irú fáìlì bẹ́ẹ̀, ìyẹn àwọn tí wọ́n ti kó ìrìn àti eré sísá sọ́tọ̀ kúrò lára ènìyàn, má ṣe fi àmì náà lé wọn dànù.

Ọ̀rọ̀ ta ló ni mẹ́mọ́rì tún wà ńbẹ̀. `Importer` ló ni `aiScene`. Bí o bá dá `oluka` sínú iṣẹ́ kan, tí o sì dá `iran` padà láti inú iṣẹ́ náà, `oluka` ti kú nígbà tí iṣẹ́ parí, ó sì ti kó ìran náà dání lọ. Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé ètò lè máa ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀ bí ẹni pé kò sí nǹkan, torí pé kò tíì sí ẹni tó kọ nǹkan mìíràn sórí mẹ́mọ́rì yẹn. `GetOrphanedScene()` wà fún ẹni tó bá fẹ́ gba ìran náà lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí o da nǹkan tí o nílò kọ sínú `std::vector` tìrẹ, kí o sì jẹ́ kí Importer máa lọ. Bí o bá fẹ́ ka ọ̀pọ̀ fáìlì lẹ́ẹ̀kan náà lórí thread mẹ́rin, Importer mẹ́rin ni kí o dá. Ọ̀kan kì í tó gbogbo wọn lò.

Àwọn àṣẹ tí a ń tò sínú `ilana` ni ibi tí agbára Assimp wà, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń da gbogbo rẹ̀ pọ̀ bí ẹni ń da ata sínú ọbẹ̀ láì tọ́ ọ wò. Ẹ jẹ́ ká fi àpótí kan wò ó. Àpótí ní igun 8 àti ojú 6. Ojú kọ̀ọ̀kan ń di onígun mẹ́ta 2, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 12, onígun mẹ́ta kọ̀ọ̀kan sì ní vertex 3. Bí fáìlì OBJ bá ti kọ onígun mẹ́ta 12 náà sílẹ̀, tí o sì lo `aiProcess_Triangulate` (tó ń sọ gbogbo ojú di onígun mẹ́ta) nìkan, vertex 36 ni wàá rí, torí pé Assimp kì í jẹ́ kí ojú méjì inú OBJ pín vertex kan lò àyàfi tí o bá ní kó ṣe bẹ́ẹ̀. Bí o bá fi `aiProcess_JoinIdenticalVertices` kún un, yóò di 24. Kí ló dé tí kò di 8? Nítorí pé ní igun kọ̀ọ̀kan, ojú mẹ́ta ló pàdé, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní normal tirẹ̀ (ọfà tó ń sọ ibi tí ojú náà kọ sí) tó kọjú sí ọ̀nà ọ̀tọ̀. Vertex méjì tó wà lójú kan náà ṣùgbọ́n tí normal tàbí UV wọn (ibi tí vertex bọ́ sí lórí àwòrán texture) yàtọ̀ kì í ṣe ìkan náà lójú Assimp, bẹ́ẹ̀ náà ló sì yẹ kó rí.

Lórí àpótí, èrè rẹ̀ kéré. Lórí ara tó tẹ́jú tó sì dán, bí ojú ènìyàn, vertex kan sábà máa ń jẹ́ ti onígun mẹ́ta bíi 6. Mesh onígun mẹ́ta 100,000 yóò ní vertex 300,000 láìsí àṣẹ yìí, ṣùgbọ́n bíi 50,000 pẹ̀lú rẹ̀, ó lé díẹ̀ níbi tí UV bá ti ya. Bí vertex kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ báìtì 32 (báìtì 12 fún ipò, 12 fún normal, 8 fún UV), mẹ́gábáìtì 9.6 àti mẹ́gábáìtì 1.6 ni ìyàtọ̀ náà, kí a tó ka index (nọ́ńbà tó ń tọ́ka sí vertex) mọ́ ọn. Lórí fóònù, ènìyàn á rí ìyẹn lójú ara rẹ̀.

`Triangulate` kì í fọwọ́ kan ìlà àti ẹyọ àmì. Bí ẹni tó ṣe mọ́délì bá gbàgbé etí kan tí kò ní ojú sínú Blender, mesh tí `mNumIndices` ojú inú rẹ̀ jẹ́ 2 lè wọlé, kóòdù tó gbà pé gbogbo ojú jẹ́ 3 yóò sì ka kọjá ààlà. Fi `aiProcess_SortByPType` kún àṣẹ rẹ, kí o sì sọ fún Importer kó kó wọn dànù kí o tó pe `ReadFile`:

```
oluka.SetPropertyInteger(AI_CONFIG_PP_SBP_REMOVE,
    aiPrimitiveType_POINT | aiPrimitiveType_LINE);
```

Nípa normal, `GenNormals` àti `GenSmoothNormals` kò gbọ́dọ̀ wà papọ̀. Àwọn méjèèjì kì í sì ṣe ohunkóhun bí fáìlì bá ti ní normal tirẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé bí `GenSmoothNormals` bá wà lẹ́nu iṣẹ́, gbogbo etí tí igun rẹ̀ kò bá ju 175 lọ ló ń tẹ́ papọ̀. Igun ògiri ilé jẹ́ 90, nítorí náà ilé tó wọlé láìní normal yóò dà bí bàlúù tí wọ́n fẹ́ afẹ́fẹ́ sí: òjìji á máa yípo lójú ibi tó yẹ kó gún. `SetPropertyFloat(AI_CONFIG_PP_GSN_MAX_SMOOTHING_ANGLE, 45.0f)` ni mo máa ń lò fún ilé àti ẹ̀rọ.

Mo ń ṣọ́ra gidigidi fún `OptimizeGraph` àti `PreTransformVertices`. Èkínní ń yọ àwọn node tó rò pé wọn kò wúlò, orúkọ wọn sì ń bá wọn lọ. Bí eré rẹ bá máa ń wá node "ilekun" kó lè ṣí i, ilẹ̀kùn náà ti dara pọ̀ mọ́ ògiri. Èkejì ń tú gbogbo igi node ká, ó sì ń pa animation rẹ́. Àwọn méjèèjì kò bára wọn ṣe. Fún ilẹ̀ àti òkè tí kì í mira, wọ́n dára. Fún ohun tó ń rìn, jìnnà sí wọn.

Igi node yìí gan-an ni ibi tí mo fẹ́ dúró sí pẹ́. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ máa ń fi loop gba inú `iran->mMeshes` kọjá, wọ́n á ya gbogbo rẹ̀, wọ́n á sì rò pé ó parí. Wo ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan tí wọ́n ṣe dáadáa: táyà kan ṣoṣo ló wà nínú `mMeshes`, node mẹ́rin ló ń tọ́ka sí i, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú `mTransformation` tirẹ̀. Ẹni tó bá ya mesh nìkan yóò rí táyà kan tó há sí àárín ìsàlẹ̀ ọkọ̀, mẹ́ta yóò sì sọnù. Láti `mRootNode` ni kí o ti bẹ̀rẹ̀, kí o sọ̀ kalẹ̀ sọ́dọ̀ àwọn ọmọ, kí o sì máa sọ matrix òbí di púpọ̀ pẹ̀lú ti ọmọ bí o ṣe ń lọ: ti òbí ní òsì, ti ọmọ ní ọ̀tún. Mesh kọ̀ọ̀kan ní material kan péré, nítorí náà má jẹ́ kó yà ọ́ lẹ́nu bí ènìyàn kan bá wọlé gẹ́gẹ́ bíi mesh mẹ́ta, awọ ara lọ́tọ̀, aṣọ lọ́tọ̀, irun lọ́tọ̀.

Matrix fúnra rẹ̀ wá jẹ́ pàkúté. `aiMatrix4x4` ń to nọ́ńbà ní ìlà ìbú: a1 a2 a3 a4, lẹ́yìn náà b1 b2 b3 b4, títí lọ. Ibi tí nǹkan wà lójú ayé, ìyẹn X, Y, Z rẹ̀, wà ní a4, b4 àti c4. GLM, láíbúrárì ìṣirò tí ọ̀pọ̀ àwa tó ń lo OpenGL ń lò, ń to tirẹ̀ ní ìlà òòró. Bí o bá fi `memcpy` da báìtì 64 yẹn kọ láti ọ̀kan sí èkejì, gbogbo rẹ̀ ti yí po, ipò tó wà ní a4, b4, c4 sì ti bọ́ sí ìlà tó kẹ́yìn tó yẹ kó jẹ́ 0 0 0 1. Àmì àìsàn náà kò ṣòro mọ̀: àwọn nǹkan á kóra jọ sí àárín ayé, wọ́n á sì máa fẹ̀ tàbí fún lọ́nà tí kò bójú mu bí o bá ṣe ń súnmọ́ wọn. Oògùn rẹ̀ ni `glm::transpose(glm::make_mat4(&m.a1))`. Ìlà kan péré ni, ẹnu ọ̀nà kan yẹn náà sì ni ibi tó yẹ kó wà. Mo ti rí kóòdù tó ń yí matrix padà níbi tó ti ń kà á wọlé, tó tún yí i padà níbi tó ti ń ṣe animation, tí node fi tọ́, tí eegun wá dojú dé.

Fún UV, ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ òsì ni Assimp ti ń bẹ̀rẹ̀ kíkà. Láti òkè ni láíbúrárì stb_image ti ń ka àwòrán. Nítorí náà, lo `aiProcess_FlipUVs` tàbí `stbi_set_flip_vertically_on_load(true)`. Ọ̀kan nínú méjèèjì ni o. Bí o bá lo méjèèjì, o ti padà síbi tí o ti ń bọ̀, ojú ènìyàn á sì wà níbi àgbọ̀n rẹ̀. Pẹ̀lú Vulkan àti Direct3D, `FlipUVs` ló bá wọn mu.

FBX máa ń fẹ́ ìtọ́jú tirẹ̀. Sẹ̀ǹtímítà ló sábà máa ń lò, èyí ló ń fà á tí ènìyàn fi ń ga tó ilé alájà púpọ̀ nínú ètò tó ń ka mítà. `aiProcess_GlobalScale` lè bá ọ ṣe é, o sì lè fi nọ́ńbà tìrẹ sí `AI_CONFIG_GLOBAL_SCALE_FACTOR_KEY`. Yálà níbẹ̀ ni o ti ṣe é, tàbí lórí matrix root, kó má jẹ́ ibi méjì. Bí o bá sì rí node tí orúkọ wọn ní `_$AssimpFbx$_` nínú, má bẹ̀rù. FBX ní ọ̀pọ̀ ìpele yíyí àti ibi tí nǹkan ti ń yí, `aiNode` kò sì ní ju matrix kan lọ, nítorí náà Assimp fọ́ node kan sí púpọ̀ kí ohunkóhun má bàa sọnù. Bí igi node bá ti gùn jù fún ọ, fi `false` sí `AI_CONFIG_IMPORT_FBX_PRESERVE_PIVOTS`, lẹ́yìn náà kí o wo animation náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kí o tó gbà pé ó tọ́.

Texture ní ìṣòro tirẹ̀ tí kì í ṣe ẹ̀bi Assimp. Ọ̀nà tí fáìlì bá kọ ni yóò gbé fún ọ, bó tilẹ̀ jẹ́ `C:\Users\...\Desktop\Igi.PNG` lórí kọ̀ǹpútà ẹlòmíì. Mo máa ń yí `\` sí `/`, mo máa ń gé e kù sí orúkọ fáìlì nìkan, mo á sì wá a nínú fódà tí mọ́délì wà. Lórí Linux, `Igi.PNG` àti `igi.png` kì í ṣe ọ̀kan. Ohun tó ṣiṣẹ́ lórí Windows lè sọnù níbẹ̀. Bí ọ̀nà náà bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìràwọ̀, bíi `*0`, inú mọ́délì ni àwòrán náà wà. `iran->GetEmbeddedTexture(ona)` ni yóò gbé e wá, kí o sì wo `mHeight` rẹ̀. Bó bá jẹ́ 0, PNG tàbí JPG tí a kò tíì tú ni, `mWidth` kì í ṣe ìbú mọ́, iye báìtì ni. Gbé `pcData` àti iye yẹn fún `stbi_load_from_memory`, ó parí. Nínú OBJ, ohun tí wọ́n bá kọ sí `map_Bump` ń wọlé bíi `aiTextureType_HEIGHT`, bó tilẹ̀ jẹ́ pé normal map lẹni tó ṣe é fi síbẹ̀, nítorí náà wo `aiTextureType_HEIGHT` àti `aiTextureType_NORMALS` méjèèjì. Nínú glTF, roughness (bí ojú kò ṣe dán tó) wà nínú àwọ̀ ewé, metalness (bó ṣe jọ irin tó) sì wà nínú àwọ̀ búlúù àwòrán kan náà.

Eegun kò le tó bí wọ́n ṣe ń sọ, bí matrix rẹ bá ti tọ́. `aiProcess_LimitBoneWeights` ń dín iye eegun tó ń fa vertex kan kù sí 4, torí pé 4 ló wọ inú vec4 kan lórí GPU. Orúkọ eegun ni o máa fi rí node tó bá a mu. Matrix tí shader (ètò kékeré tó ń ṣiṣẹ́ lórí GPU) nílò ni ti node náà láti root, tí a sọ di púpọ̀ pẹ̀lú `mOffsetMatrix`, tí òdìkejì matrix root yóò sì wà níwájú wọn. `mTicksPerSecond` lè jẹ́ 0. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, fi 25 sí i kí o má bàa fi òdo pín nǹkan.

STL jẹ́ àpẹẹrẹ tó dára fún ẹni tó fẹ́ mọ ìdí tí kò fi yẹ kí a máa fọwọ́ ara wa kọ kóòdù tó ń ka fáìlì láìnídìí. Oríṣi méjì ni: ti ọ̀rọ̀, tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "solid", àti ti báìtì. Ti báìtì ní orí tó jẹ́ báìtì 80, báìtì 4 tó ń sọ iye onígun mẹ́ta, lẹ́yìn náà báìtì 50 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn: 12 fún normal, 36 fún igun mẹ́ta, 2 tó ṣẹ́kù. Àpótí wa onígun mẹ́ta 12 yóò jẹ́ 84 + 600, ìyẹn 684 géérégé. Ìṣòro ni pé àwọn ètò kan ń kọ "solid" sí orí báìtì 80 náà. Ẹni tó bá fi ọ̀rọ̀ yẹn nìkan dá a mọ̀ yóò máa ka báìtì bí ọ̀rọ̀. Assimp ń fi ìṣirò 84 + 50n wé ìtóbi fáìlì, ohun tó tọ́ láti ṣe nìyẹn. Ìwọ náà lè fi ìṣirò yẹn mọ̀ bóyá fáìlì tí o gbà láti íntánẹ́ẹ̀tì pé.

Bí fáìlì bá ń wá láti ọwọ́ ẹni tí o kò mọ̀, bíi níbi tí àwọn oníbàárà ti ń gbé mọ́délì sórí sáfà rẹ, má ṣe kà á nínú ètò ńlá náà. Kóòdù C++ tó ń ka irú fáìlì tó pọ̀ tó yìí máa ń ní ihò, àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ sì ń dí wọn léraléra. Ètò kékeré kan lọ́tọ̀ ni kó ka fáìlì náà, kí o dí mẹ́mọ́rì àti àkókò rẹ̀ mọ́ ààlà, kí o lo `aiProcess_ValidateDataStructure`, kí o sì máa gbé ẹ̀dà tuntun wá. Bó bá kú, òun nìkan ló kú.

Mi ò gbà pé kí eré máa ka FBX nígbà tó bá ń bẹ̀rẹ̀ lórí fóònù ẹni tó ń lò ó. Lórí kọ̀ǹpútà tìrẹ ni kí Assimp ti ṣiṣẹ́: `assimp export okunrin.fbx okunrin.glb` (ti `assimp-utils` ni kí o lò, torí a ti pa export nínú èyí tí a kọ́ lókè), tàbí kí o kọ ọ́ sí báìtì tí ètò rẹ lè gbé tààrà sí GPU. Bó bá sì jẹ́ glTF nìkan ni o máa kà títí láé, cgltf tàbí tinygltf fúyẹ́ jù ú lọ, tinyobjloader sì wà fún OBJ. Ibi tí Assimp ti níye lórí jù ni ibi tí o kò lè yan irú fáìlì tí àwọn ènìyàn yóò fi ránṣẹ́.

Mọ́délì ìdánwò kan ni mo máa ń tọ́jú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kóòdù ẹnu ọ̀nà náà. Àpótí tó jẹ́ mítà 1 ní gbogbo ìhà ni, lẹ́tà F wà ní iwájú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bíi texture, ọ̀pá pupa kékeré yọ sí X, ti ewé yọ sí Y. Ọmọ node kan wà lábẹ́ rẹ̀ tó sún mítà 2 sí ọ̀tún tó sì yí ní 30. F kò jọ ara rẹ̀ bó bá dojú dé, kò sì jọ ara rẹ̀ nínú dígí, nítorí náà kò sí bí UV tàbí ọwọ́ òsì ọwọ́ ọ̀tún ṣe lè ṣì láìhàn. Mo ń gbé e jáde láti Blender ní OBJ, FBX àti GLB, mo á kó àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ sójú kan náà, ìrísí gbogbo wọn sì gbọ́dọ̀ bára mu. Ọmọ node yẹn ló sábà máa ń kọ́kọ́ sọ ibi tí ìṣòro wà: bó bá wà ní àárín, o kò rìn nínú igi, bó bá yí sí òdìkejì, matrix rẹ ti yí po, bó bá jìnnà ní ìlọ́po 100, FBX ni o ń wò.